Inú Eegun Lọ̀rọ̀ Wà: Ọ̀rọ̀ Tí Mo Bá Àwọn Òbí Ọmọ SS Sọ

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin màmá, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin tí ẹ gbé ọmọ dání àti ẹ̀yin tí ẹ fọmọ sílé. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀jẹ̀ torí iṣẹ́ láàbù ẹ̀jẹ̀ ni mò ń ṣe, àmọ́ kí n tó dé orí àga tí wọ́n tọ́jú fún mi, màmá kan ti dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n fi káàdì fólíìkì ásíìdì hàn mí, wọ́n ní, "Àǹtí, kí gan-an ni tábúlẹ́ẹ̀tì yẹ́lò yìí ń ṣe? Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń fún ọmọ mi lójoojúmọ́, kò sẹ́ni tó ṣàlàyé ẹ̀ fún mi rí." Mo bá pa ìwé tí mo kọ wá tì. Ìbéèrè yẹn ni màá dáhùn lónìí, torí òbí tó bá mọ ìdáhùn ẹ̀ dáadáa ti mọ ohun tó ń ṣe ọmọ ẹ̀ gan-an.

Nílé, fòníkú-fọ̀ladìde la máa ń pe àrùn sìkúlà tó ń ṣe ọmọ SS yìí, àwọn míì ń pè é ní arómọléegun. Mo fẹ́ràn orúkọ kejì yẹn ju orúkọ tí òyìnbó fún un lọ. Dókítà James Herrick tó kọ́kọ́ kọ̀wé nípa ẹ̀ ní Chicago ní 1910, inú ẹ̀jẹ̀ ló wò, ó rí sẹ́ẹ̀lì tó tẹ̀ bíi dòjé, ibẹ̀ ni orúkọ sìkúlà, ìyẹn dòjé, ti wá. Àwọn bàbá ńlá wa ò ní máíkírósíkópù, ibi tó ń ro ọmọ ni wọ́n wò, wọ́n ní eegun ni. Inú eegun náà sì lọ̀rọ̀ wà lóòótọ́.

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń kú. Sẹ́ẹ̀lì pupa kì í pẹ́ láyé. Tẹni tó jẹ́ AA, bí ọjọ́ 120 ló ń lò kó tó gbó kí ara tó kó o kúrò nílẹ̀. Tọmọ SS, ọjọ́ mẹ́wàá sí ogún ọjọ́ péré ni, torí pé ó ń tẹ̀, ó ń nà, ó ń tẹ̀, títí táá fi fọ́. Ó ń kú báyìí, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ ò tán lára, torí tuntun ń wọlé. Àgbàlagbà tára ẹ̀ dá ṣáṣá ń ṣe bíi mílíọ̀nù méjì sẹ́ẹ̀lì pupa tuntun ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Mílíọ̀nù méjì, lójú tó ń sùn, lójú tó ń jẹun, lójú tó jókòó síbí tó ń gbọ́ mi. Tọmọ SS gbọ́dọ̀ jù báyẹn lọ ní ìlọ́po mélòó kan, torí ẹni tọ́jà ẹ̀ ń tètè bàjẹ́ gbọ́dọ̀ máa yára ṣe òmíì.

Ibo ni wọ́n ti ń ṣe é? Mùdùnmúdùn ni. Ẹ mọ̀ ọ́n, ohun tí à ń fà lẹ́nu eegun níbi ìnáwó, àmọ́ ọ̀rá ló pọ̀ jù nínú èyí tí à ń fà yẹn, pupa ni èyí tó ń ṣiṣẹ́ ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí ọmọ ṣì kéré, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí eegun tí pupa yìí ò sí, títí dé ọmọ ìka ọwọ́ àti tẹsẹ̀. Bó ṣe ń dàgbà ni pupa yẹn ń kúrò níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tọ́rá ń gba ipò ẹ̀, títí táá fi ku eegun ìbàdí, tàyà, ìhà, ọ̀pá ẹ̀yìn àti agbárí. Ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ ìka yẹn sọ́kàn, màá padà sí i.

Nínú mùdùnmúdùn yìí, sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ ò dọ́gba. Àgbẹ̀ oníṣu, bó ti wù kébi pa á tó, kì í jẹ èbù ẹ̀ tán, á gbin díẹ̀, á sì rí i pé nínú ohun tó hù náà ni èbù ọdún tó ń bọ̀ wà. Èyí tí wọ́n ń pè ní stem cell, èbù ara nìyẹn. Wọn ò pọ̀ rárá, wọ́n sì máa ń sinmi ni lọ́pọ̀ ìgbà, nígbà tí wọ́n bá pín, apá kan á ṣì jẹ́ èbù, apá kejì á lọ sẹ́nu iṣẹ́. Apá kejì yìí gan-an ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀, precursor lorúkọ ẹ̀ lẹ́nu àwa tí à ń ṣiṣẹ́ ẹ̀, èmi máa ń pè é ní ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́. Ẹ wo ọmọ tí wọ́n fi sẹ́nu iṣẹ́ télọ̀. Wọ́n ti fọwọ́ síwèé lọ́dọ̀ ọ̀gá, kò tún ní lọ di mẹkáníìkì mọ́, àmọ́ kò tíì gba fúrídọ̀mù. Bẹ́ẹ̀ ni precursor ṣe rí. Ó ti yan iṣẹ́, pé òun máa di sẹ́ẹ̀lì pupa, tàbí funfun tó ń bá àrùn jà, tàbí èyí tó ń dí ojú ọgbẹ́, kò tíì dà á, ó sì ń pín lemọ́lemọ́ kó tó dà á. Èbù kan lè di ẹgbẹẹgbẹ̀rún sẹ́ẹ̀lì torí àwọn ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́ tó wà láàrin yìí, àwọn ló ń sọ ẹyọ kan di ogunlọ́gọ̀.

Báwo la ṣe mọ̀? Ní Toronto ni, ní Kánádà. Dókítà kan tó ń jẹ́ Ernest McCulloch àti James Till tó jẹ́ onímọ̀ físíìsì, wọ́n fi ìtànṣán pa mùdùnmúdùn àwọn eku run, wọ́n wá fi abẹ́rẹ́ fún wọn ní mùdùnmúdùn eku míì. Lẹ́yìn bí ọjọ́ mẹ́wàá, wọ́n la eku, wọ́n rí kókó kéékèèké lára ọlọ inú wọn. Ẹlòmíì ì bá jù ú nù. Àwọn kà á, wọ́n rí i pé bí sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fún eku bá ṣe pọ̀ tó ni kókó yẹn ń pọ̀ tó, bíi kókó kan fún ẹgbàárùn-ún sẹ́ẹ̀lì. 1961 ni wọ́n kọ ọ́ jáde, nígbà tó fi máa di 1963, wọ́n ti fi hàn pé sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ló ń bí kókó kọ̀ọ̀kan, oríṣiríṣi sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ sì wà nínú kókó kan yẹn. Kíkà ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí o, mo máa ń sọ ọ́ fáwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ní láàbù.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́ pupa kan. Ẹni tó ń pàṣẹ fún un ò sí nínú eegun, kíndìnrín ni. Tí kíndìnrín bá rí i pé atẹ́gùn tí ẹ̀jẹ̀ ń gbé wá ò tó, á tú ohun kan tó ń jẹ́ erythropoietin sínú ẹ̀jẹ̀, tóun bá dé inú eegun, àwọn ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́ tí ì bá kú á dúró, wọ́n á sì máa pín. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí kíndìnrín ẹ̀ ti bàjẹ́ fi máa ń ṣàìní ẹ̀jẹ̀ tó, eegun ẹ̀ ò ṣe nǹkan kan, àṣẹ ni ò dé ibẹ̀. Ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́ yìí á pín ní ìgbà mélòó kan láàrin bí ọ̀sẹ̀ kan, á máa kó hemoglobin, ohun pupa tó ń gbé atẹ́gùn, jọ, á máa pupa sí i, nígbà tó bá kù díẹ̀ kó jáde, ó máa ju kóńkóló àárín ara ẹ̀ nù, ibẹ̀ sì ni gbogbo jíìnì ẹ̀ wà. Fúrídọ̀mù ẹ̀ nìyẹn. Látìgbà náà lọ kò lè pín mọ́, kò lè tún ara ẹ̀ ṣe mọ́, iṣẹ́ ló kù. Tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde sínú ẹ̀jẹ̀, bí ọjọ́ kan sí méjì, ohun tó kù nínú ẹ̀ ṣì máa ń gba àró búlúù, a máa rí i lábẹ́ máíkírósíkópù bí òwú tó lọ́ mọ́ra. Reticulocyte ni. Tí dókítà bá kọ "retic" sínú ìwé tẹ́ẹ̀sì ọmọ yín, ohun tó ń bèèrè ni pé ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́ mélòó ló gba fúrídọ̀mù lọ́sẹ̀ yìí. PCV, tẹ́ẹ̀sì tó ń wọn sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀, ń sọ iye tó wà nílẹ̀, retic ń sọ bóyá iṣẹ́ ń lọ. Ẹ máa bèèrè méjèèjì.

Màmá, ìdáhùn yín rèé. Gbogbo ìgbà tí ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́ bá fẹ́ pín sí méjì, ó gbọ́dọ̀ kọ ìwé DNA ẹ̀ ní ẹ̀dà kejì, fólíìkì sì wà lára ohun tí wọ́n fi ń kọ ìwé yẹn. Tí kò bá sí, sẹ́ẹ̀lì á máa tóbi, àmọ́ kò ní lè pín. Lucy Wills, dókítà obìnrin ará Ìlú Ọba, rí irú àìtó ẹ̀jẹ̀ yìí lára àwọn aláboyún tálákà ní Bombay, nílẹ̀ Íńdíà, ó fún wọn ní nǹkan tí wọ́n fi ìwúkàrà ṣe, ara wọn yá, 1931 ló kọ ọ́ jáde. Ẹ̀yìn ẹ̀ ni wọ́n wá mọ̀ pé fólíìkì ló wà níbẹ̀. Ọmọ SS ń lo fólíìkì ju ọmọ míì lọ torí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ kì í tì, tọ̀sán tòru ni. Ó wà nínú ẹ̀fọ́, ó wà nínú ẹ̀wà, àmọ́ tí a bá bọ ẹ̀fọ́ títí tá a fún omi ẹ̀ dànù, a ti da púpọ̀ nínú ẹ̀ nù. Tábúlẹ́ẹ̀tì yẹn kì í wo sìkúlà, kí ẹnikẹ́ni má tàn yín. Ohun èlò iṣẹ́ ló jẹ́ fáwọn ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́ inú eegun.

Mo ní kẹ́ ẹ fi ọ̀rọ̀ ìka sọ́kàn. Ẹ̀yin tọ́mọ yín wú lọ́wọ́ wú lẹ́sẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọ oṣù mẹ́jọ, ọmọ ọdún kan, tẹ́ ẹ rò pé kòkòrò ló jẹ ẹ́ tàbí pé ẹnì kan fi nǹkan ṣe é, mùdùnmúdùn pupa tó ṣì wà nínú eegun ìka ni, ẹ̀jẹ̀ dòjé dí ọ̀nà mọ́ ọn. Tọ́mọ bá dàgbà tí pupa yẹn kúrò níbẹ̀, ìwú ìka yẹn náà á lọ, ìrora á wá máa wà ní ìbàdí, ní ẹ̀yìn, ní àyà, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ kó lọ. Iwájú orí tó máa ń yọ síta yẹn náà ńkọ́, táwọn ọmọ iléèwé fi máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́? Ṣọ́ọ̀bù tó kún àkúnya ló ti eegun agbárí síta láti wá àyè. Ó máa ń dùn mí tí mo bá gbọ́ tẹ́nì kan ń fi orí ọmọ dá àpárá, torí ibi tára ọmọ yẹn ti ń jà fún ẹ̀mí ẹ̀ ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín.

Èmi náà ò kọ́ ọ̀rọ̀ yìí nínú ìwé nìkan. SS ni àbúrò mi ọkùnrin. Nígbà tó wà ní praímárì, PCV ẹ̀ kì í kúrò ní 23, 24, a ti mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀. Lọ́sẹ̀ kan ó kọ́kọ́ ní ibà díẹ̀, ó rẹ̀ ẹ́, kò ní kinní kan dun òun léegun, ojú ẹ̀ ò sì pọ́n sí i, àmọ́ àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ funfun bíi bébà. Ní ọsibítù tá a kọ́kọ́ gbé e lọ wọ́n ní ibà ni, wọ́n fún un lóògùn ibà, wọ́n dá wa padà sílé. Lọ́jọ́ kẹta, kò lè gun àtẹ̀gùn ilé mọ́. PCV ẹ̀ ti di 11. Ibi kejì tá a gbé e lọ ni dókítà àgbà kan ti ní kí wọ́n ka retic, wọn ò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí ẹyọ kan. Ọmọ tí ti ẹ̀ máa ń pọ̀ ju tẹnikẹ́ni lọ! Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára, ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni retic padà dé.

Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, lórí ìjókòó ilé ẹ̀kọ́, ni mo tó mọ orúkọ ohun tó ṣe é. Fáírọ́ọ̀sì kan ni, parvovirus B19, ìyáàfin kan tó ń jẹ́ Yvonne Cossart àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ló rí i ní London ní 1975, ní 1981 ni wọ́n sì mọ̀ pé òun ló máa ń dá iṣẹ́ ẹ̀jẹ̀ dúró lára àwọn ọmọ SS. Ikọ́ àti omi ẹnu ló fi ń ràn. Kì í dojú kọ sẹ́ẹ̀lì pupa tó ti gba fúrídọ̀mù, kì í yọ èbù lẹ́nu, ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́ pupa ló ń wọ̀, inú wọn ló ti ń bí sí i, ó sì ń pa wọ́n. Fún bí ọjọ́ méje sí mẹ́wàá kò sẹ́ni tó ń gba fúrídọ̀mù. Ó lè mú ọmọ AA náà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ lè pọ́n díẹ̀, ìyá ẹ̀ ò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, torí ẹni tí ọjà ẹ̀ ń lo 120 ọjọ́, tó bá ti ṣọ́ọ̀bù fún ọ̀sẹ̀ kan, kò ní hàn. Ẹni tọ́jà ẹ̀ ń lo ọjọ́ mẹ́wàá, tó bá ti ṣọ́ọ̀bù fún ọ̀sẹ̀ kan, ilé ti dàrú. Torí náà, tọ́mọ bá ṣàdédé funfun lójú, lẹ́nu, látẹ́lẹwọ́, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, kódà tí kò ní ohun kankan ń dun òun, ẹ má dúró dìgbà tí eegun á ro ó, ẹ gbé e lọ, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n ka retic. Tẹ́ ẹ bá sì ní ọmọ SS méjì nílé, ẹ mú èkejì náà dání, torí wọ́n jọ ń mí nínú yàrá kan náà. Ohun rere kan tó wà níbẹ̀ ni pé tó bá ti mú èèyàn lẹ́ẹ̀kan, ara máa ń mọ̀ ọ́n, kì í sábà padà wá.

Ẹ jẹ́ n gbé yín padà sínú oyún díẹ̀, torí ibẹ̀ ni ìrètí ti wá. Nígbà tí oyún wà ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, inú àpò kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ ni ẹ̀jẹ̀ ti kọ́kọ́ ń ṣe, lẹ́yìn náà iṣẹ́ kó lọ sínú ẹ̀dọ̀ ọmọ, kó tó wá jókòó sínú eegun. Ní ọ̀pọ̀ jù lọ ìgbà tó fi wà nínú ìyá ẹ̀, hemoglobin ọ̀tọ̀ làwọn ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́ yẹn ń ṣe, hemoglobin F, òun kì í tẹ̀ bíi dòjé. Nígbà tí ìbí bá sún mọ́ ni ara máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í pa jíìnì F dé tó ń ṣí ti àgbàlagbà, nígbà tó bá fi máa tó bí oṣù mẹ́fà, F ti lọ, S ti dé. Janet Watson, dókítà ọmọdé ní New York, ló kíyè sí i ní 1948 pé ọmọ tuntun tó ní àrùn yìí kì í sábà ṣàìsàn, ó ní ó ní láti jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ọmọ inú ló ń dáàbò bò ó. Ìdí nìyẹn tí ọmọ SS fi máa ń sanra tó máa ń rẹ́rìn-ín lóṣù mẹ́ta, táwọn èèyàn á wá máa bèèrè lóṣù mẹ́sàn-án pé ta ló wo ọmọ yìí lójú burúkú.

Ìlẹ̀kùn F yẹn, wọ́n kàn pa á dé ni, kò bàjẹ́. Hydroxyurea tí dókítà ń kọ fáwọn kan nínú yín, ara ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́ ló ti ń ṣiṣẹ́, ó ń jẹ́ kí wọ́n ṣe F díẹ̀ sí i. Nínú gbogbo ohun tí mo máa dárúkọ lónìí, òun ló wà nítòsí yín jù, mi ò mọ ìdí tá a fi ń bẹ̀rù ẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, lábẹ́ ojú dókítà ni kẹ́ ẹ ti lò ó ni. Ní 2008, àwọn onímọ̀ ní Boston fi hàn pé jíìnì kan tó ń jẹ́ BCL11A ló ń ti ìlẹ̀kùn F. Ní 2019, wọ́n fa èbù Victoria Gray, obìnrin adúláwọ̀ kan láti Mississippi, wọ́n fi CRISPR, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń gé jíìnì, gé ibi tó ń jẹ́ kí jíìnì yẹn ṣiṣẹ́ nínú ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́ pupa, wọ́n dá a padà sára ẹ̀. Ìrora tó ti bá a fínra láti kékeré lọ. Ìparí 2023 ni Ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ìtọ́jú yìí, Casgevy lorúkọ ẹ̀, iye tí wọ́n ń tà á ní Amẹ́ríkà sì ju mílíọ̀nù méjì dọ́là lọ fún ẹnì kan. Orílẹ̀-èdè wa ló ní ọmọ SS jù láyé, owó yẹn ò sì bá wa mu rárá, ó sì ń bí mi nínú.

Torí owó tó wọ́n yìí làwọn kan fi rí ọ̀nà jẹ lórí yín. Ẹ ti rí wọn, wọ́n á kó lúbúlúbú wá sílé, wọ́n á ní stem cell ni, wọ́n fi ápù tàbí gíréèpù ṣe é, pé kí ọmọ máa fi sábẹ́ ahọ́n. Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Sẹ́ẹ̀lì ápù ò lè di sẹ́ẹ̀lì èèyàn láéláé. Sẹ́ẹ̀lì tó bá sì gba ẹnu wọlé, ikùn á dà á bí ó ṣe ń da ẹ̀bà. Èbù ẹ̀jẹ̀ tòótọ́, ojú iṣan ló ń gbà wọlé, nínú ọsibítù, lẹ́yìn tí wọ́n ti fi oògùn líle palẹ̀ mọ́ nínú eegun. Mo mọ ìyá tó ta ẹ̀rọ ìránṣọ ẹ̀ kó lè ra nǹkan yẹn fún oṣù mẹ́ta, tó sì dá fólíìkì àti paludrine, oògùn tó ń dènà ibà, dúró torí wọ́n ní kó dá a dúró.

Èyí tó ń wò ó lóòótọ́ ni pípààrọ̀ èbù. Àmọ́ òun náà ò rọrùn. Dókítà Donnall Thomas tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní Amẹ́ríkà nígbà 1950 sí 1960, ọ̀pọ̀ aláìsàn ẹ̀ ló kọ́kọ́ kú, àwọn míì ti pa á tì, òun ò pa á tì, 1990 ló gba ẹ̀bùn Nobel. Ní 1984 wọ́n ròyìn ọmọbìnrin kan tó ní sìkúlà àti jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ pa pọ̀, wọ́n ṣe é fún un torí jẹjẹrẹ yẹn, sìkúlà bá a lọ. Nílé wa níbí, 2011 ni ọsibítù ìkọ́ni yunifásítì ìlú Benin ṣe é fún ọmọ SS kan. Ó ṣì léwu, ẹ má jẹ́ kẹ́nì kankan sọ fún yín pé kò léwu, ó sì gbowó. Ọmọ ìyá ọmọ bàbá ló dáa jù láti fún un, àmọ́ nínú mẹ́rin, ẹyọ kan ló máa ń bá a mu. Tí kò bá sí, ẹ lọ wá níta, níta náà àwa dúdú ò tíì forúkọ sílẹ̀ tó. Seun Adebiyi, lóyà ọmọ Nàìjíríà kan ní Amẹ́ríkà, jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ ló mú un ní 2009, kò rí ẹni tó bá a mu, ẹ̀jẹ̀ inú ìwọ́ ọmọ tuntun ni wọ́n padà lò fún un, òun náà ló ṣagbátẹrù ìforúkọsílẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní Enugu ní 2012. Ẹ̀jẹ̀ inú ìwọ́ àti ibi ọmọ kún fún èbù àti ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́, Paris ni wọ́n ti kọ́kọ́ lò ó ní 1988. Ilẹ̀ la máa ń bò ó mọ́ níbí, mi ò sọ pé ká má bọ̀wọ̀ fún un, mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ mọ ohun tó wà nínú ẹ̀.

Bàbá kan bi mí pé tí ẹ̀gbọ́n ọmọ òun bá fi tiẹ̀ tọrẹ, ṣé ti ẹ̀ ò ní tán. Kò ní tán, sà. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni wọ́n ń fà, láàrin ọ̀sẹ̀ mélòó kan á ti kún padà, ẹni tó jẹ́ AS náà sì lè fún àbúrò ẹ̀ SS.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó jókòó lẹ́yìn wá bèèrè èyí tó gún mi lọ́kàn jù. Ó ní, "Àǹtí, tí wọ́n bá ṣe é fún mi, tí tẹ́ẹ̀sì mi wá di AA, ṣé mo lè fẹ́ ọmọbìnrin tó jẹ́ AS?" Mo sọ fún un pé rárá, àbúrò mi. Èbù ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n máa pààrọ̀, wọn ò fọwọ́ kan èbù tó ń di àtọ̀. Láàbù lè tẹ̀ ẹ́ jáde pé AA, ẹ̀jẹ̀ ẹ sì lè jẹ́ AA lóòótọ́, àmọ́ gbogbo ọmọ tí o bá bí, S ló máa gbà láti ọ̀dọ̀ ẹ. Obìnrin tó jẹ́ AA ni kó o wá, kó o sì sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún un kẹ́ ẹ tó lọ ṣe ìdána.